ÌMỌ́LẸ̀ TÍ A FI Ń TỌ́JÚ Ẹ̀JẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka Abùjá bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò

  

Ní ìpàdé tí ó kọjá ni Alága pàṣẹ pé kí èmi sọ̀rọ̀ lórí ìlera ní oṣù yìí, dípò ìṣirò owó tí mo máa ń kà sí yín létí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Akọ̀wé tí ń ta ọṣẹ àti ìpara, kí ni ó mọ̀ nípa ìlera?" Wọn kò jẹ̀bi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ibẹ̀ ni owó bàbá mi tán sí. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti kan ilé mi, ó sì kan ọjà tí mo ń tà. Ohun tí kò yé mi nínú rẹ̀, mo ti bi àwọn tí ó yé kí n tó dìde níwájú yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ti ń gbé ní London láti ọdún 1991. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n, nítorí kì í wá sílé ní oṣù Kejìlá kí ó má dé ìpàdé wa. Nígbà tí ó wá ní ọdún 2013, ó pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi àbààwọ́n kan hàn mí ní ìdí rẹ̀. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, awọ ibẹ̀ ṣì ju ti ara rẹ̀ yòókù lọ, ó gbẹ, ó sì ń yún un. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, làpálàpá ni. Ẹ má dààmú." Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú irú ìpara tí gbogbo wa mọ̀ yẹn wá, èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀. Mo fún un ní páálí kan, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí yíyún náà rọlẹ̀. Inú wa dùn. Nígbà tí páálí náà tán, ó tẹ̀ mí láago pé kí n fi òmíràn ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a fi í rán àwọn tí ń lọ sí London fún ọdún 6. Àbààwọ́n kan di mẹ́ta, mẹ́ta di méje. Ó kúrò ní ìdí, ó dé itan, ó dé ìbàdí, ó gun ikùn. Bí ó bá ti fi ìpara pa á, yóò lọ sílẹ̀. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, yóò tún yọjú. Dókítà wà ní àdúgbò rẹ̀ tí yóò wò ó láìgba owó, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti ṣí ìdí sílẹ̀ fún ọmọdébìnrin dókítà, ìpara àbúrò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní, bí ìdí bá bà jẹ́, ti onídìí ni í dà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú bíbàjẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí, mo ní ìpín tèmi.

Ní ọdún 2019, gbogbo ara rẹ̀ gbà á. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, wọ́n kọ ọ́ pé awọ ẹni tí ó bá dé ipò yìí a máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé lára ènìyàn dúdú, kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó ń dúdú sí i, tí ó ń họ bí èèpo àlùbọ́sà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ là, kò lè di ife mú. Kókó so sí abẹ́ apá rẹ̀. Òtútù ń mú un nínú yàrá tí ó gbóná. Oru kò sí fún un mọ́ nítorí yíyún. Ìyàwó rẹ̀ ni ó fi ipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé awọ rẹ̀ bíńtín lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gé e kí ọ̀rọ̀ tó dá wọn lójú. Wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe ifo, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Jẹjẹrẹ ni.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín kí ẹ tó gbọ́ bí ó ti rí. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn ọmọ ogun wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àìsàn jà. Ọ̀wọ́ kan wà nínú wọn tí àwọn dókítà ń pè ní T, tí ojúṣe àwọn kan nínú wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ awọ ara. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun yìí yóò yí padà, yóò kọ̀ láti kú nígbà tí ó yẹ kí ó kú, yóò sì máa bí irú ara rẹ̀ lé irú ara rẹ̀. Awọ ni wọn yóò kọ́kọ́ pàgọ́ sí. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn yóò wà níbẹ̀ fún ọdún gbọgbọrọ láìlọ síwájú. Lára àwọn díẹ̀, wọn yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn náà ni wọ́n ń pè ní lymphoma awọ ara. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àìmọ́tótó.

Jean-Louis Alibert, dókítà ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1806. Ó rí wíwú lára aláìsàn tí ó dà bí olú inú igbó, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ olú, mycosis fungoides, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà kò bá olú tan. Ẹ̀yin ará, bí dókítà ńlá bá lè sọ ọ́ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni ti èmi tí ń ta ìpara tí mo pè é ní làpálàpá? Ní ọdún 1938, Albert Sézary, dókítà Faransé mìíràn, ṣe àpèjúwe èyí tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Irú ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí etí wa ṣí sí ni pé àìsàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka iye aláìsàn, wọ́n rí i pé ó ń mú àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn funfun lọ, àti pé lára àwa dúdú ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbààwọ́n tí ó ṣì. Ibi tí aṣọ ń bò, tí oòrùn kì í dé, ni ó fẹ́ràn jù: ìdí, itan, ìbàdí, ọmú. Nítorí náà ni ó fi máa ń pẹ́ kí ẹlòmíràn tó rí i.

Nísinsìnyí mo dé orí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù pé ìmọ́lẹ̀ ni wọn yóò fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ òun, mo rò pé àìsàn náà ti dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí ó jọ ọ́. Bí ọmọ tuntun bá ní ibà pọ́njú, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣé wọn kì í gbé e sí abẹ́ iná aláwọ̀ búlúù? Ìmọ́lẹ̀ yẹn a máa gba awọ ọmọ náà wọlé, a sì máa yí ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà kí ara lè tú u dànù. Ní England ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan, Jean Ward, tí ó máa ń gbé àwọn ọmọ tuntun jáde sínú oòrùn, ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá kàn lára wọn a máa mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, Dókítà Bolajoko Olusanya àti Dókítà Tina Slusher pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta àtíbàbà kan ní Lagos, tí ń yọ ìtànṣán tí ń jó ni kúrò nínú oòrùn, tí ó sì ń jẹ́ kí ti búlúù wọlé. Wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2015 pé kò rẹ̀yìn sí iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì kéde èyí náà ní ọdún 2018. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ kú oríire. Ẹ rí i nígbà náà pé kì í ṣe ìtàn àlọ́ pé ìmọ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ó fẹ́ oògùn kí ìmọ́lẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Oògùn yìí náà ní ìtàn, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ rí, tí ẹ kò fọwọ́, tí ẹ jáde sínú oòrùn, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ a máa jó, a sì máa dúdú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ohun kan wà nínú omi ọsàn náà tí kì í ṣe nǹkan kan títí oòrùn yóò fi bà á. Irú ohun yẹn pọ̀ nínú ewéko kan tí ń hù ní etí odò Náílì ní Íjíbítì, tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà láéláé fún ẹni tí awọ rẹ̀ bá ń ní àbààwọ́n funfun: wọn yóò lò ó tán, wọn yóò sì ní kí ó jókòó sínú oòrùn. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn onímọ̀ Íjíbítì yọ ògidì oògùn náà jáde, Dókítà El Mofty ní Cairo sì fi tọ́jú àwọn aláìsàn. Orúkọ oògùn náà ni methoxsalen. Nígbà tí ó di ọdún 1974, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi iná tí wọ́n ṣe fúnra wọn rọ́pò oòrùn, wọ́n sì fi tọ́jú àìsàn awọ mìíràn.

Richard Edelson, dókítà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ni ó wá ronú pé: bí ọmọ ogun tí ó ya pòkíì bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ni ànfààní títan iná sí awọ nìkan? Ẹ jẹ́ kí a fa ẹ̀jẹ̀ jáde, kí a tan iná sí i lóde, kí a sì dá a padà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára aláìsàn 37 tí oògùn mìíràn kò ràn. 27 nínú wọn rí ìrọ̀rùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1987, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1988.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. Yóò jókòó sórí àga, wọn yóò gún abẹ́rẹ́ sí iṣan apá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà yóò máa yí i kíkankíkan. Ẹ̀yin ìyá ológì, ẹ ó tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá sẹ́ ògì tán tí ẹ fi sílẹ̀, ògì yóò lọ sí ìsàlẹ̀, omidùn yóò dúró lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tí a yí: èyí tí ó pupa, tí ó wúwo, yóò lọ sí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ tí ó dà bí omidùn yóò wà lókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yóò sì tẹ́ sí àárín méjèèjì, ní tín-ínrín, bí awọ tí í bo ojú ẹ̀kọ tí ó ń tutù. Ti àárín yìí ni wọ́n fẹ́. Wọn yóò dá ẹ̀jẹ̀ pupa àti omi rẹ̀ padà sí i lára, wọn yóò sì da methoxsalen sí ìwọ̀nba tí ó kù.

Wọn yóò wá tan iná sí i. Kì í ṣe iná tí ojú lè rí. Ìtànṣán kan tí ó wà nínú oòrùn ni, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet A. Oògùn náà nìkan kò lè ṣe é, iná náà nìkan kò sì tó. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì, oògùn yóò lẹ okùn ìṣẹ̀dá inú sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, báyìí ni mo ṣe rí i: bí ìgbà tí ènìyàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ewé méjì ìwé mọ́ ara wọn ni. Ìwé náà kò ya, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣí, ẹnikẹ́ni kò sì lè dà á kọ. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá lè da ara rẹ̀ kọ kò lè bí irú ara rẹ̀ mọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, yóò kú.

Lẹ́yìn iná, wọn yóò dá wọn padà sí ara rẹ̀. Ẹnu yà mí nígbà tí mo gbọ́ èyí. Mo ní, "Èéṣe tí wọn kò dà wọ́n nù?" Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó ṣàlàyé. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rọ ń rí mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé pípa nìkan ni, ìyẹn kò ní tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń kú yìí bá padà wọlé, àwọn agbálẹ̀ inú ara yóò gbé wọn mì, wọn yóò sì gbé àmì wọn hàn fún àwọn ọmọ ogun tòótọ́. Bí àwọn ọdẹ àdúgbò bá mú olè kan, tí wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ yí ojúlé ká, gbogbo ènìyàn yóò lè dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí méjì sí mẹ́rin lọ. Ọjọ́ méjì léra ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é, yóò sì tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí oògùn náà ṣì wà lára, kò gbọdọ̀ jáde sínú oòrùn fún wákàtí 24, ó sì gbọ́dọ̀ wọ jígí dúdú. Ẹni tí ó bá ní irú àìsàn tí oòrùn máa ń ru sókè, wọn kì í ṣe é fún un. Ilé ìwòsàn Guy's ní London àti ti Rotherham wà lára àwọn tí ó ti ń ṣe irú ìtọ́jú yìí tipẹ́.

Ọdún 2021 ni ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oògùn mìíràn tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀, ó sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ó tẹ̀ mí láago ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní, "Àbúrò, mo sùn mọ́jú." Mo jókòó sórí páálí ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì sunkún. N kò ní purọ́ fún yín pé ó ti sàn tán. Kò tíì sàn tán. Àbààwọ́n ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń lọ sórí àga náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti lè di ife mú. Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, orí àga tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún Alága yẹn ni ó jókòó sí, ó sì bá wa jẹ àmàlà.

Ẹnìkan lè wí pé, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ London nìyẹn, kí ni ó kàn wá ní Abùjá?" Mo ní ìdáhùn méjì.

Èkíní, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó ní ẹ̀jẹ̀ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí ẹgbẹ́ Yorùbá kan tí kò sí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ti di mímọ̀ nísinsìnyí pé a lè fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn rọ́pò ti aláìsàn náà, kí ara rẹ̀ lè máa pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Benin ní ọdún 2011, fún ọmọdékùnrin kan. Ní ọdún 2025, Sickle Cell Foundation Nigeria àti ilé ìwòsàn LUTH ní Lagos kéde pé àwọn ti ṣe é fún àgbàlagbà méjì. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni a kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò láti fúnni ní mùdùnmúdùn, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni ànfààní pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò bá aláìsàn mu délẹ̀délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi mọ ohun tí àlejò ń jẹ́. Àlejò tí ó mọ ìwà hù, onílé kì í mọ̀ pé ó wúwo. Ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun náà yóò wo awọ onílé, ẹnu rẹ̀, ìfun rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọn yóò ní, "Àjèjì ni èyí," wọn yóò sì dojú ìjà kọ ọ́. Àlejò ni ó ń lé onílé kúrò nínú ilé yẹn. Awọ ara lè le bí awọ ìlù, ẹnu lè bó, ojú lè gbẹ, èémí lè kúrú. Àwọn dókítà a kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí ń tẹ àwọn ọmọ ogun náà mọ́lẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ tí mo ròyìn rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lò.

Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé níhìn-ín, kì í ṣe ìjà ni ìmọ́lẹ̀ náà ń kọ́ àwọn ọmọ ogun, ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pẹ̀tù sí ìjà a máa pọ̀ sí i, àlejò àti onílé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wọn mọ́ra. Bí ohun kan náà ṣe ń ru ogun sókè níbì kan tí ó sì ń pa ogun níbòmíràn, àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé kì í sọ ara di aláìlágbára níwájú àrùn mìíràn bí àwọn oògùn líle yòókù ti í ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbèrò mùdùnmúdùn fún ọmọ yín, ẹ bi àwọn dókítà ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: "Bí àlejò bá bá onílé jà, kí ni ẹ ó ṣe?"

Ìdáhùn kejì ni ti àwọn tí ń ta ìmọ́lẹ̀ kiri. Ẹ ti rí wọn. Wọ́n ń gbé aago tí ń tan iná pupa wá, wọ́n ní kí a so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n ní yóò fọ ẹ̀jẹ̀, yóò wo ìtọ̀ ṣúgà, yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò wo rọpárọsẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn yóò ní, "Ṣé ẹ kò gbọ́ pé òyìnbó ń fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú ẹ̀jẹ̀?" Ẹ̀yin ará, ẹ ti wá gbọ́ bí òyìnbó ṣe ń ṣe é. Wọ́n mọ orúkọ àìsàn, nítorí wọ́n gé awọ yẹ̀ wò. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n ya èyí tí wọ́n fẹ́ sọ́tọ̀. Wọ́n fi oògùn sí i kí iná tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Aago ọrùn ọwọ́ kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó bá ní ìmọ́lẹ̀ òun ń wo gbogbo àìsàn, owó yín ni ó ń wò.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sí orí ara mi, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìpara oníoògùn mẹ́ta tí mo ń tà, òògùn kan wà nínú rẹ̀ tí ń pa yíyún, tí ń mú wíwú lọ sílẹ̀, àìsàn yòówù kí ó jẹ́. Ohun tí ó fi ń dùn tà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè bo lymphoma mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ìgbà tí a da eérú bo ẹyín iná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ àbààwọ́n kan tàbí méjì, ìpara tí dókítà bá yàn àti iná tí a tàn sí awọ lásán lè tó o, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bá a gbé pẹ́ títí. Ọdún 6 tí ẹ̀gbọ́n mi ì bá fi ṣe ìyẹn, ìpara mi ni ó fi pa. Ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Ìwọ náà kò mọ̀." Ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo mọ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ tí ó sì ń tà á lọ, ti onítọ̀hún yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Mo ti kó ìpara náà kúrò lórí àtẹ mi. Ó dín owó mi kù, n kò ní sọ pé kò dín in kù. Ẹni tí ó bá wá rà á lọ́wọ́ mi, mo ń bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ó ti tó ìgbà wo? Ṣé ó máa ń lọ tí ó sì máa ń padà wá? Ṣé ibi tí aṣọ ń bò ni? Bí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, mo ń sọ fún un pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó béèrè dókítà awọ ara. Ní Gwagwalada wọ́n wà, ní National Hospital nínú ìlú níhìn-ín wọ́n wà. Kí ó sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ kí ẹ gé e yẹ̀ wò?" Ọ̀pọ̀ jù lọ kì yóò jẹ́ jẹjẹrẹ, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Làpálàpá gidi wà, ifo wà, ẹ̀tẹ̀ náà wà tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo wọn ni ó dára kí a mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín wo ìdí yín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wo abẹ́ ọmú yín nínú jígí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi síwájú ilé kò pọ̀. Nínú àpò àìsàn ẹgbẹ́ wa, a máa ń yọ owó fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn àti fún ìsìnkú. Kò sí èyí tí a ń yọ fún ẹni tí ó ṣì ń rìn, tí ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe é. Mo dábàá pé láti oṣù yìí lọ, kí àpò náà máa san owó gígé awọ yẹ̀ wò fún ọmọ ẹgbẹ́ tí apá rẹ̀ kò bá ká a. Èmi ni ń kọ ìwé owó náà, mo sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ó lè gbé e. Láti bẹ̀rẹ̀, mo ti kó owó tí mo rí lórí páálí ìpara tí mo tà kẹ́yìn wá. Ó wà nínú àpòòwé lọ́wọ́ Akápò. Ó kù sọ́wọ́ yín, Alága, láti bi ilé léèrè.

 Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ojú ara wa rí ibi, kí ó sì jẹ́ kí a tètè mọ èyí tí ó bá yọjú. Ire o.

(Ilé fọwọ́ sí àbá Akọ̀wé lẹ́yìn ìjíròrò.)